Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n sanwó iṣẹ́ ọwọ́ lórí ìbọn ìléwọ́ 1911, àbí kí n ra ti fákítìrì?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Houston ni mo wà, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń lọ yìnbọn ní rénjì, àmọ́ látìgbà tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti ní kí n yin 1911 tiẹ̀ wò ni ọkàn mi ò ti kúrò níbẹ̀ mọ́. Méjì ni mo rí ní ṣọ́ọ̀bù, ìkan ò tó $600, Philippines ni wọ́n ti ṣe é, ìkejì ju $3,000 lọ, wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀ tó fi jókòó síra. Mo mi ti $600 létí, ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, èyí tó wọ́n yẹn ò dún rárá. Ìyàwó mi ní kí n rò ó dáadáa torí owó iléèwé ọmọ ń bọ̀. Kí ló wà nínú iṣẹ́ ọwọ́ yìí gan-an?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Dallas
Àbúrò, má fi dídún dá a lẹ́jọ́ o. Nígbà ogun àgbáyé kejì, oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é fún sójà Amẹ́ríkà, títí kan Singer tó ń ṣe máṣíìnì ìránṣọ táwọn ìyá wa ń lò, 500 péré làwọn yẹn ṣe. Ohun tíjọba fẹ́ ni pé tí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára èyí tí ilé iṣẹ́ Colt ṣe, kí wọ́n lè mú ti ilé iṣẹ́ Remington Rand fi rọ́pò ẹ̀ láìwá fáìlì, torí náà wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, àyè yẹn lẹ̀ ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n dán ìbọn tí John Browning ṣe yìí wò lọ́dún 1911, ọta 6,000 ló yìn, kò há lẹ́ẹ̀kan.

Iṣẹ́ ọwọ́ wá dà bí ìgbà tí káfíńtà bá gé ilẹ̀kùn tó fi díẹ̀ tóbi ju ojú ẹ̀ lọ, á fá a, á gbé e wò, á tún fá a, títí táá fi wọlé pinpin. Irin ni tiwa, fáìlì àti òkúta ìpọ́nrin ni wọ́n fi ń ṣe é, wákàtí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lẹ̀ ń sanwó fún. Ní ilé iṣẹ́ ìbọn Nighthawk ní Berryville, ìpínlẹ̀ Arkansas, èèyàn kan ṣoṣo ló ń to ìbọn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìyá Ìbejì, Atlanta
Èmi ra èyí tó wọ́n. Tírígà ẹ̀ dùn, bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Àmọ́ ó le débi pé àtàǹpàkò ń dùn mí tí mo bá fẹ́ fa sláìdì, ìyẹn irin òkè ìbọn tó ń lọ sẹ́yìn tó ń padà, ó sì ń há léraléra nínú ọta bíi 300 àkọ́kọ́. Mo dá a padà fún wọn, extractor ni wọ́n ní ó ṣe é, ìyẹn ìwọ̀ irin tó ń fa èèpo ọta jáde, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kó lè di ọta mú, kò gbọ́dọ̀ le jù, kò gbọ́dọ̀ rọ̀ jù. Owó gọbọi ni mo san, inú mi ò dùn rárá. Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí ṣá.

Ọ̀dọ́mọdé Ọdẹ, Maryland
Ra ti $600, kó o fi $2,400 tó kù ra ọta kó o máa yìn ín. Ọwọ́ ẹ ló máa kọ́kọ́ nílò iṣẹ́.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n Dallas, kí wá ni kí n máa wò níwọ̀n ìgbà tí kì í ṣe dídún?

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, Dallas
Bárẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde. Irin tá a fi ń fojú sun nǹkan, orí sláìdì ló wà, kì í ṣe lára férémù, ìyẹn ara ìbọn nísàlẹ̀ tá a ń dì mú, torí náà tí sláìdì bá tiẹ̀ mì díẹ̀ lórí férémù kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan, ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí bárẹ́ẹ̀lì padà jókòó sójú kan náà nínú sláìdì lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan. Tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn, yọ mágásíìnì, fa sláìdì sẹ́yìn kó o fojú rí i pé kò sọ́ta nínú ẹ̀, fi ìka bọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, dá sláìdì padà jẹ́jẹ́, fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn bárẹ́ẹ̀lì mọ́lẹ̀ láti ojú ihò tí èèpo ọta ń gbà jáde. Tó bá ń lọ sílẹ̀ tó ń gòkè bíi ti dùrù, gbé e sílẹ̀. Mi bushing náà wò, ìyẹn òrùka irin tó di bárẹ́ẹ̀lì mú lẹ́nu ìbọn.

Ẹni tó béèrè
Mo padà lọ lánàá. Mẹ́ta irú ti $600 yẹn ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún mi. Àkọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ mi, mo mọ̀ ọ́n lára. Ìkejì náà rìn díẹ̀. Ìkẹta ò mira rárá, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dún jù tí mo bá mì ín létí! Òun ni mo mú. Sátidé ni mo ń lọ sí rénjì, ọta 200 ni mo ń gbé lọ, màá wá sọ iye tó bá há fún yín.