BMI mi, 25 ni àbí 29?

Arìnkèrindò: Ẹ n lẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Nọ́ọ̀sì wọ̀n mí lánàá, 86 kílò ni mí, gíga mi 1.72 mítà, ó ní BMI mi, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń wo bóyá ìwúwo èèyàn bá gíga ẹ̀ mu, jẹ́ 29. Mo délé mo tún un ṣe lórí fóònù, 25 géérégé ni mò ń rí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe é o. Ta ló ṣì í nínú àwa méjèèjì?

Ìyá Oníṣirò: Ẹ̀yin ni o, ẹ má bínú 😂 Mo mọ nǹkan tẹ́ ẹ ṣe, ẹ ní 1.72 lọ́nà 2, ó di 3.44, ẹ wá fi ìyẹn pín 86. Eéjì kékeré tí wọ́n kọ sókè orí mítà nínú ìṣirò BMI (kg/m²) yẹn, kì í ṣe 2 lẹ máa fi sọ ọ́ di púpọ̀, gíga yín fúnra ẹ̀ ni, 1.72 lọ́nà 1.72, ìyẹn bíi 2.96, tẹ́ ẹ bá wá pín 86 sí 2.96, 29 ló máa bọ́ sí. Mítà ni kẹ́ ẹ lò o, èmi tẹ sẹntimítà nígbà kan, fóònù gbé 0.0 nǹkan kan jáde, mo ní àṣé ìyẹ́ adìyẹ ni mí.

Arìnkèrindò: Háà, òótọ́ ni! Ṣé 29 wá burú ni?

Ìyá Oníṣirò: Fún àgbà, 18.5 sí 24.9 ló dáa, 25 sí 29.9 ti wúwo jù, 30 sókè ni wọ́n ń pè ní àsanjù. Ẹni tó ga tó yín, bíi 55 sí 73 kílò ló yẹ ẹ́. Ti ọmọdé àti aláboyún yàtọ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n Wéré: Ẹ rọra ná. Quetelet tó gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù láàárín 1830 sí 1840, oníṣirò ni, kì í ṣe dókítà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wò pa pọ̀, Ancel Keys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló wá sọ ọ́ ní BMI ní 1972. BMI kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣan! Àbúrò mi tó ń gbé irin, 31 ni tiẹ̀, ikùn ẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ikùn yín yíká lókè ìdodo díẹ̀, ẹ má fà á mọ́nú o, tó bá ti ju ìdajì gíga yín, ìyẹn 86 sẹntimítà, ẹ lọ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Arìnkèrindò: Mo ti wọ̀n ọ́n. 97. Mi ò lẹ́jọ́ wí mọ́.