Báwo lẹ ṣe ń rí oníbàárà láìgba ọwọ́ ẹ́jẹ́ńsì?

Kóòdù_Òru:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Backend (apá ètò kọ̀ǹpútà tí ojú oníbàárà kì í rí) àti dátábéèsì (ibi tí ètò ń kó ìsọfúnni sí) ni mò ń ṣe, Python tí í ṣe èdè tá a fi ń kọ ètò, àti PostgreSQL tó ń bójú tó dátábéèsì, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ tí mo di agbaṣẹ́ṣe tó dá dúró, àmọ́ ká sòótọ́ mi ò tíì dá dúró rárá, torí kò sí iṣẹ́ kankan tí mo ṣe láti ìgbà yẹn tí kì í ṣe ọwọ́ ẹ́jẹ́ńsì ló ti wá. Àwọn ló ń pè mí, àwọn ló ń bá oníbàárà dúnàádúrà, àwọn lowó ń kọ́kọ́ dé sí lọ́wọ́ kí wọ́n tó yọ tèmi fún mi.

Lóṣù tó kọjá wọ́n ṣèèṣì fi ímeèlì kan ránṣẹ́ sí mi tí kì í ṣe tèmi, iye tí oníbàárà ń san lórí mi wà níbẹ̀. Tá a bá pín owó yẹn sọ́nà márùn-ún, odindi ìpín kan ló ń dúró sọ́dọ̀ wọn, lóṣooṣù, fún ọdún kan àtààbọ̀. Mi ò ní kí wọ́n má jèrè o, àwọn ló mú mi débẹ̀, ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an, torí gbogbo òru tí sáfà, kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ wọn dúró lé, fi ń kú yẹn, èmi nìkan ni mo ń jí sí i.

Mo wá fẹ́ máa wá oníbàárà fúnra mi. Mo tún pròfáìlì mi ṣe lórí LinkedIn, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ mi máa tó dilẹ̀, àwọn ẹ́jẹ́ńsì míì nìkan ló ń kọ̀wé sí mi. Mo dé Upwork, wẹ́búsáìtì tí agbaṣẹ́ṣe ti ń wá iṣẹ́, mo kọ̀wé sí bí ogún iṣẹ́, ẹnì kan péré ló fèsì, owó tó sì dárúkọ ò kójú òṣùwọ̀n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọ̀nà gbé e gbà, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá_Sáfà:

Àbúrò mi, kú ọ̀rọ̀ o, ó yé mi bó ṣe rí lára ẹ.

Jẹ́ n bi ẹ́ ní nǹkan kan ná. Àwọn èèyàn tó o ti bá ṣiṣẹ́ rí, àwọn èèyàn fúnra wọn o, kì í ṣe ilé iṣẹ́, ibo ni wọ́n wà báyìí? Ẹni tó jẹ́ olórí tíìmù yín lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn lè ti kúrò níbẹ̀, kó ti di ẹni tó ń pàṣẹ owó níbòmíì, ẹni yẹn sì ti fojú ara ẹ̀ rí ẹ lóru ọjọ́ tí nǹkan dàrú. Kò sí pròfáìlì tó lè sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àjèjì kó gbà á gbọ́. Ibẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Upwork.

Nígbà tí mo fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ńsì, mo jókòó mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tí mo bá ṣiṣẹ́ rí sínú spreadsheet, látorí ọ̀gá dórí ẹni tó ń dán sọ́fíwia wò, mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wọ́n. Mo kọ ibi tí oníkálukú wà báyìí síwájú orúkọ ẹ̀, mo kọ ohun tá a jọ ṣe, mo kọ ìgbà tá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn (èyí tó kẹ́yìn yìí dójú tì mí díẹ̀, torí àwọn kan wà tí mi ò kí láti ọdún márùn-ún). Ẹni mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń kọ̀wé sí lọ́sẹ̀, mi ò tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Irú ohun tí mo ń kọ rèé:

"Ẹ káàárọ̀ sà, ó tọ́jọ́ mẹ́ta. Mo rí i pé ẹ ti wà níbi iṣẹ́ tuntun, ẹ kú oríire. Iṣẹ́ sáfà yẹn náà ni mo ṣì ń ṣe, irú èyí tá a jọ kó kúrò lójú kan lọ sójú kan nígbà yẹn tí kò sì sí nǹkan tó sọnù, mo kàn ń dá ṣe é ni báyìí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé irú ẹ̀ ń dààmú ẹnì kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dárúkọ mi."

Ó parí. Ọ̀pọ̀ ló kàn kí mi padà. Ẹni kọkànlá ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún bọ́ sí lọ́wọ́, òun gan-an ò níṣẹ́ kankan tó fẹ́ gbé fún mi, ẹni tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé ló níṣẹ́, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bá oníyẹn ṣe é. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́ ni o, wọn ò mọ̀ pé ọwọ́ ẹ dilẹ̀ àfi tó o bá sọ fún wọn.

Fara_Balẹ̀_Kà:

Ohun tí Ìyá Sáfà sọ ni mo fara mọ́, àmọ́ kó o tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, lọ mú ìwé àdéhùn tó o bá ẹ́jẹ́ńsì yẹn ṣe jáde kó o kà á tán. Ó sábà máa ń wà níbẹ̀ pé o ò gbọdọ̀ bá oníbàárà tí wọ́n mú ẹ mọ̀ ṣiṣẹ́ tààrà títí oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan á fi kọjá lẹ́yìn tíṣẹ́ parí. Àwọn míì kọ ọ́ kó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òfin ṣe ń wò ó ní orílẹ̀-èdè kan yàtọ̀ sí òmíràn, torí náà san owó lọ́yà kó bá ẹ kà á, wákàtí kan tó. Inú tó ń bí ẹ lórí ímeèlì yẹn tọ́ sí ẹ, má wá jẹ́ kó mú ẹ gba ẹ̀yìn wọn lọ bá oníbàárà tìẹ yìí. Ẹni tó ti kúrò nílé iṣẹ́ yẹn lọ síbòmíì, ìyẹn sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, àmọ́ kà á ná.

Àgbà_DBA:

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí "backend àti dátábéèsì" tó o kọ yẹn. Ẹni tó ní ilé iṣẹ́ ò jí láàárọ̀ kó máa wá backend. Ohun tó ń dùn ún ló ń wá ojútùú sí: ojúewé tó ń pẹ́ kó tó ṣí, owó sáfà tó ń ga lóṣooṣù, ẹni tó mọ bí dátábéèsì wọn ṣe rí tó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ń dùn ún yẹn ni kó o fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

PostgreSQL lo mọ̀, ọ̀nà ẹ wà níbẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń ti version (ẹ̀dà) ńlá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, lẹ́yìn ìyẹn kò sí àtúnṣe ààbò mọ́. Ti version 12 parí ní oṣù kọkànlá 2024, ti 13 parí ní oṣù kọkànlá 2025, ti 14 wà fún oṣù kọkànlá 2026. Ọjọ́ wọ̀nyí kì í ṣe àṣírí, wọ́n kọ ọ́ sórí wẹ́búsáìtì PostgreSQL fúnra ẹ̀, síbẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ tí ò rẹ́ni bá wọn gbé tiwọn lọ sórí version tuntun pọ̀ gan-an. Tó bá wá jẹ́ orí Amazon RDS, dátábéèsì tí Amazon ń bá èèyàn bójú tó lórí sáfà tiẹ̀, ni tiwọn wà, tí wọ́n sì dúró sórí version tó ti kọjá àkókò ẹ̀ lọ́hùn-ún, Amazon ń bu owó mìíràn lé e fún wọn, Extended Support ni wọ́n ń pè é, wákàtí wákàtí ni wọ́n sì ń ṣírò ẹ̀. Ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ yẹn ń sanwó lójoojúmọ́ nítorí iṣẹ́ tó o lè bá wọn parí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Fi ìyẹn síwájú ọ̀gá tó ń fọwọ́ síwèé owó kó o wò ó bóyá kò ní gbọ́.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ wọ́n? Ka ìkéde iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé jáde. Ilé iṣẹ́ tó bá ti ń wá oníṣẹ́ dátábéèsì láti oṣù mẹ́rin tí kò rí, iṣẹ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe. Má kọ̀wé sí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ o, olórí àwọn ẹnjiníà ni kó o kọ ọ́ sí, kó o sọ pé o lè bá wọn di àlàfo yẹn títí wọ́n á fi rẹ́ni gbà.

Àjọṣe_Dev:

Kí n fi kékeré kan sí i. Lórí Hacker News, wẹ́búsáìtì táwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti ń sọ̀rọ̀, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń ṣí ibì kan fún àwọn agbaṣẹ́ṣe àtàwọn tó ń wá wọn, kò gba owó, kò sí alágbàtà láàárín. Ní ti Upwork, rírà lèèyàn ń ra Connects tó fi ń kọ̀wé béèrè iṣẹ́ níbẹ̀, torí náà má máa yìnbọn kiri, iṣẹ́ kan tó bá ohun tó o mọ̀ mu gẹ́lẹ́ sàn ju ogún lọ.

Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ mi ti ń wá jù ni ọwọ́ àwọn agbaṣẹ́ṣe bíi tèmi. Ẹni tó ń ṣe frontend, apá tí ojú oníbàárà ń rí, ò fẹ́ fọwọ́ kan dátábéèsì, tí oníbàárà ẹ̀ bá bi í, á wá orúkọ ẹni tí kò ní dójú ti òun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni mẹ́rin la wà tá a jọ ń gbé iṣẹ́ fúnra wa, a ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ara wa.

Kóòdù_Òru:

Ẹ ṣé gan-an ni, inú mi dùn débi pé mi ò mọ ẹni tí mo máa kọ́kọ́ dáhùn. Mo ti ka àdéhùn yẹn, ọdún kan ni, oníbàárà tí wọ́n mú mi mọ̀ nìkan ló sì kàn, mo ṣì máa fi han lọ́yà. Mo kọ orúkọ mọ́kànlélógójì sílẹ̀ lálẹ́ àná, mo kọ̀wé sí mẹ́ta. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni owó: ẹ́jẹ́ńsì kì í pẹ́ san tèmi, ẹ̀sùn tí mi ò lè fi kàn wọ́n nìyẹn. Tí oníbàárà bá wá ń fònídónìí-fọ̀ladọ́la ńkọ́?

Ìyá_Sáfà:

Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ilé iṣẹ́ ńlá kan fi owó mi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnléláàádọ́rin rí, wọ́n sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Láti ìgbà yẹn, oníbàárà tuntun á san ìdajì sílẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo sì máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iṣẹ́ á dúró tí owó bá ti fi ọjọ́ mẹ́rìnlá kọjá ọjọ́ tá a dá. Ẹni tó bá bínú sí èyí, jẹ́ kó lọ. Tún fi owó oṣù mẹ́ta sípamọ́ kó o tó jáwọ́ lára ẹ́jẹ́ńsì pátápátá.

Má sì fi iṣẹ́ oṣù mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó o ò mọ̀. Ta àyẹ̀wò ọjọ́ mẹ́ta fún un, ní iye kan pàtó: wà á ka dátábéèsì ẹ̀, wà á kọ ohun tó bà jẹ́ sí ojúewé mẹ́rin tàbí márùn-ún, èyí tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe á wà lókè. Ibi tó ti ń san owó kékeré yẹn lo ti máa rí ìwà ẹ̀.

Kóòdù_Òru:

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ti fèsì o! Ọ̀gá mi àtijọ́ ni, a jọ wà níbi iṣẹ́ oṣù kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ́jẹ́ńsì rárá. Ó ní PostgreSQL 12 ni wọ́n ṣì ń lò níbi tó wà, pé ẹni tó gbé e kalẹ̀ ti lọ, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo wọn láti fọwọ́ kàn án. A máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Ọjọ́bọ̀. Àyẹ̀wò ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa dárúkọ fún un, ìdajì á wọlé ṣáájú, màá sì padà wá sọ ibi tó já sí fún yín.