Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí nípa José Ramírez

Ọmọ Ẹ̀gbá l'Ohio

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń wo bésíbọ́ọ̀lù, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní Cleveland àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti ń hó nínú mi tipẹ́. Bí wọ́n bá ń ka àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ inú eré yìí, wọ́n á dárúkọ Ohtani, wọ́n á dárúkọ Judge, wọ́n á máa kà á lọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rántí José Ramírez tiwa. Ìgbà mìíràn wọn kì í tilẹ̀ rántí rẹ̀ rárá. Mo fẹ́ kí kálukú sọ èyí tó fojú ara rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìlú Baní ní Dominican Republic ni. Ọdún 2009 ni Cleveland mú un, 50,000 dọ́là ni wọ́n sì fún un. Owó táṣẹ́rẹ́ nìyẹn nínú iṣẹ́ yìí, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n gbójú lé máa ń gba mílíọ̀nù. Kò ga, kò sì fẹ̀ láyà, ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Nígbà tó dé ẹgbẹ́ àgbà ní 2013, ibi tó bá ṣófo ni wọ́n ń fi í dí. Ní 2016 tí Michael Brantley fara pa, òun ni wọ́n gbé lọ sí left field, apá òsì pápá lọ́hùn-ún. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e wá sí bésì kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sáré yí ká. Ibi gbogbo tí wọ́n gbé e sí ló ti ṣiṣẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Alẹ́ ọjọ́ kan nígbà ooru ni mo mọ irú ẹni tó jẹ́. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bésì kẹta, ẹgbẹ́ wa sì ń jìyà lọ́wọ́ àlejò. Ramírez gbá bọ́ọ̀lù kan tí kò le rárá, ó yí gbirigbiri lọ sí right field. Irú bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì á fi rọra dúró ní bésì kìíní, tí á bẹ̀rẹ̀ sí tú ìbọ̀wọ́. Ramírez kò wojú ẹnikẹ́ni. Bó ṣe yí bésì kìíní ni àṣíborí rẹ̀ fò kúrò lórí, ó balẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, irun rẹ̀ tú síta. Ẹni tó ṣa bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún rò pé àyè ṣì wà, ó dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó jù ú. Kí bọ́ọ̀lù tó dé, Ramírez ti fàyà fálẹ̀ wọ bésì kejì. Ó dìde, erùpẹ̀ bo gbogbo iwájú aṣọ rẹ̀, ó sì nawọ́ pé kí wọ́n bá òun gbé àṣíborí òun wá. Àwọn tó jókòó lọ́tùn-ún àti lósì mi kò pàtẹ́wọ́ púpọ̀, ó ti mọ́ wọn lára.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ẹni tó bá wo àbájáde eré náà lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, double kan ṣoṣo ló máa rí, ìyẹn gbígbá tó gbé èèyàn dé bésì kejì. Kò ní í rí i pé ẹsẹ̀ ló fi rà á, kì í ṣe igi.

Àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò náà kò sì ní í rí àríwísí. Ní 2017 ó gbá double 56, kò sí ẹni tó tó o lọ́dún yẹn. Ní 2018 ó gbá home run 39, ìyẹn gbígbá tó jẹ́ kí ó sáré yí gbogbo bésì padà sílé, ó sì jí bésì 34, ìyẹn ni pé ó sá lọ sí bésì tó kàn láìdúró de kí ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù. Ó ṣe ipò kẹta nínú ìdìbò MVP, àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ́dún, lọ́dún méjèèjì, ó ṣe ipò kejì ní 2020. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, wọn kò tíì gbé e fún un.

Ọ̀rọ̀ 2022 ńkọ́? Francisco Lindor tí wọ́n jọ ń ṣọ́ àárín pápá ti lọ sí New York, ó sì ti gba àdéhùn 341 mílíọ̀nù dọ́là níbẹ̀. Gbogbo wa ń retí pé Ramírez ló kàn. San Diego ń béèrè rẹ̀, Toronto náà ń béèrè rẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀ ní April, a gbọ́ pé ó ti tọwọ́ bọ̀wé láti dúró: 124 mílíọ̀nù fún ọdún márùn-ún sí i, títí dé 2028, pẹ̀lú gbólóhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á láìjẹ́ pé òun gbà. Owó ńlá ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ ó mọ̀ pé òun lè rí jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa lọ́jà. Inú ọkọ̀ ni mo wà nígbà tí ìròyìn náà jáde lórí rédíò, mo sì pariwo débi pé ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi bojú wò mí.

Ó yá, ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa bésíbọ́ọ̀lù nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ọmọdé ní 1948, ọdún tí Cleveland gba World Series, ìdíje àṣekágbá bésíbọ́ọ̀lù, kẹ́yìn. Ẹ ò rí i pé ó pẹ́! Bàbá yìí kì í wo tẹlifíṣọ̀n mọ́ torí ojú wọn ti ń ṣú. Rédíò ni wọ́n ń gbọ́, ohùn Tom Hamilton tó máa ń ròyìn eré Cleveland. Bí oorun bá gbé wọn lọ kí eré tó parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi mí tí mo bá gbé oògùn wọlé láàárọ̀: "Kí ni José ṣe?"

Wọn kì í béèrè bóyá a borí. Kí ni José ṣe, ó tán. Nítorí ìbéèrè yìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́tí gbọ́ rédíò náà nígbà tí gbogbo ilé bá dákẹ́, kí n má baà dé iwájú wọn láìní ìdáhùn. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ strike àti bọ́ọ̀lù, àwọn ni wọ́n sọ fún mi pé ohun tó le jù nínú eré yìí ni kí ènìyàn máa gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, síbẹ̀ kí ó má máa gbá òfìfo. Mo wá mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí mo rí i pé ní 2024, ọdún tí Ramírez gbá home run 39, strikeout rẹ̀, ìyẹn ìgbà tí strike mẹ́ta lé e kúrò, kò ju 82 lọ. Àwọn tó ń gbá irú home run bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń kọjá 150.

Ní October 2022 tí a ń bá Tampa Bay ṣeré, ọ̀sán ni wọ́n ṣe é, mo sì ti dúró gba iṣẹ́ ẹlòmíì. Tampa ti gbá ọ̀kan wọlé. Ramírez gbá home run tó kó èèyàn méjì wọlé, 2 sí 1 ni eré náà sì parí sí. Bàbá na ọwọ́ wọn méjèèjì sókè lórí ibùsùn. Ìyẹn ni mo fi ń rántí wọn.

Awakọ̀ Tírélà

Èmi ò ní í pẹ́. Mò ń gbé ẹrù káàkiri ìpínlẹ̀, fìlà Cleveland kì í sì í kúrò lórí mi. Níbikíbi tí mo bá ti dúró ra epo, tí ẹnì kan bá dá fìlà yẹn mọ̀, ìjà August 2023 ni wọ́n máa ń bá mi sọ, ẹ̀ṣẹ́ tí Ramírez fi gbé ọmọkùnrin Chicago yẹn ṣubú ní bésì kejì. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa ju ẹ̀ṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́. Ó máa ń dùn mí wọ egungun. Ẹni tó gbá home run mẹ́ta nínú eré kan ṣoṣo pẹ̀lú Boston ní June ọdún yẹn kan náà, kò sí ẹnì kankan tó bi mí léèrè nípa rẹ̀ rí. Ìjà ni ayé ń wò.

Àyànwá láti Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ rántí ìlù? Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ mú mi wọ pápá yẹn, etí mi ló kọ́kọ́ ríran. Mo gbọ́ ìlù ńlá kan láti òkè lẹ́yìn left field, mo ní ta ló ń lu nǹkan níbẹ̀ yẹn? Wọ́n ní John Adams ni, òǹwòran bíi tiwa, láti 1973 ló ti ń lù ú. Mo gun òkè lọ wò ó. Àgbà ọkùnrin, ó jókòó jẹ́ẹ́, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìgbà tí àwọn tiwa bá ti dé bésì kejì tàbí ìkẹta ló sábà máa ń lù ú. Kò lù ú nígbà tí kò yẹ. Onílù tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ìlù mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́jọ́ yẹn Ramírez wọ bésì kejì, ìlù bẹ̀rẹ̀. Ó sún mọ́ bésì kẹta, ó padà, ó tún sún un. Ajubọ́ọ̀lù wẹ̀yìn, ó tún wẹ̀yìn, ìlù ò dákẹ́. Lójijì ó ti sá lọ! Ó jí bésì kẹta tán kí ẹni tó ń mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn igi tó nà ró. Orí mi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kì í. Ẹ gbà díẹ̀ nínú rẹ̀:

Ramírez ọmọ Baní,
Ọkùnrin kúkúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í sinmi,
A-sáré-ṣí-àṣíborí,
Ó gbá ti ọ̀tún, ó gbá ti òsì,
Owó ńlá pè é, kò dáhùn,
Ó ní Cleveland ni òun ń gbé.

John Adams kú ní January 2023. Wọ́n ti fi ìlù onídẹ sí ibi ìjókòó rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ lọ fọwọ́ kàn án.

Ará Bronx

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin ará Ohio, Yankees ni mò ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Nígbàkígbà tí a bá ń bá yín ṣeré, tó bá ti di ìparí, ìṣirò kan ṣoṣo ni èmi àti àwọn ará ilé mi máa ń ṣe: èèyàn mélòó ló kù kó tó kan Ramírez? Bí ó bá jẹ́ òun ló kàn, ìyàwó mi á dìde kúrò níbẹ̀. Ní October 2024 a lé yín jáde, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkàn wa ò balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí mo rò ni pé àwa tí a wà ní New York kì í wo ẹlòmíì. Eré tiwa ni tẹlifíṣọ̀n ń gbé, àwọn tiwa ni ìwé ìròyìn ń kọ nípa wọn. Bí Ramírez bá jẹ́ tiwa ni, àwòrán rẹ̀ ì bá wà lára gbogbo bọ́ọ̀sì.

Bàbá Tọ́mọ́dé

Ẹ̀gbọ́n ará Bronx, ẹ ṣé tí ẹ sọ òótọ́. Èmi ní tíkẹ́ẹ̀tì eré September 29, 2024, eré ìkẹyìn sáà yẹn pẹ̀lú Houston. Ẹ mọ ohun tó wà nílẹ̀: Ramírez ti jí bésì 41, home run rẹ̀ jẹ́ 39. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù kó wọ inú àwọn tó ti ṣe 40 àti 40 lọ́dún kan, wọn ò sì tíì ju mẹ́fà lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbá bésíbọ́ọ̀lù. Double rẹ̀ náà jẹ́ 39.

Òjò rọ̀. Èmi àti ọmọ mi wà lábẹ́ òrùlé, aṣọ òjò lọ́rùn, à ń wo ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ bo ilẹ̀. Ọmọ yìí ń bi mí ṣáá pé, "Dádì, ṣé wọ́n á ṣí i?" Nígbẹ̀yìn, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e, nítorí èsì rẹ̀ kò ní í yí ohunkóhun padà fún ẹgbẹ́ kankan. Ọmọ mi bú sẹ́kún. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ohtani ṣe 50 àti 50, ó sì yẹ kí wọ́n yìn ín. Ṣùgbọ́n 39 àti 41 láti ọwọ́ ẹni tó tún ń ṣọ́ bésì kẹta lójoojúmọ́, mélòó nínú àwọn ará ìta ló gbọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá l'Ohio

Bàbá Tọ́mọ́dé, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ náà pé ní 2025 Ramírez tún dé pẹ̀lú home run 30 àti bésì 44. Ọdún náà ni Detroit fi eré 15 àti ààbọ̀ ṣíwájú wa ní July, tí a lé wọn bá, tí a sì gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn. Òtítọ́ ni pé àwọn náà ló lé wa jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn kò pa èyí rẹ́.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ bàbá yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Àyànwá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ oríkì náà tán, mo fẹ́ kọ́ ọ sórí.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ tí ojú ọjọ́ bá ti móoru, kó kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ bésì kẹta ni kí a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni ibùjókòó àwọn tiwa wà, ibẹ̀ sì ni ẹ ti máa rí ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ kó àwọn ọmọ wá. Ará Bronx, ẹ̀yin náà lè wá, ṣùgbọ́n ẹ fi fìlà Yankees yẹn sílé.