Àbọ̀ ìrìn àjò wa sí dẹ́tà odò Mekong: a ti padà dé Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ilé o. Ẹ rántí pé mo bèèrè lọ́wọ́ yín bóyá ọjọ́ kan tó láti ti Ho Chi Minh City lọ wo dẹ́tà odò Mekong, nígbà tí a bá lọ kí àbúrò mi ní Vietnam, àti bóyá Màmá mi tí orúnkún ń dùn lè bá wa lọ.

Ó tó, bí ẹ bá fi mọ sí Mỹ Tho àti Bến Tre, tí àwọn méjèèjì wà ní dẹ́tà náà. Nǹkan bí 70 kìlómítà ni Mỹ Tho sí ìgboro Ho Chi Minh City. Àwa mẹ́jọ péré la wà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n má bá èrò ogójì lọ, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín o! Nígbà tí Màmá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, gbogbo wa la dúró dè wọ́n, obìnrin tó ń tukọ̀ sì na àjẹ̀ rẹ̀ sí wọn kí wọ́n fi ṣe ọ̀pá.

Ní Bến Tre, wọ́n ń fi àgbọn ṣe súwìtì, wọ́n á wá fi bébà ìrẹsì tó ṣeé jẹ wé e. Màmá ń bó bébà náà dànù. Ọmọbìnrin tó ń wé e rí wọn, ló bá ju tirẹ̀ sẹ́nu tòun ti bébà. Màmá náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjà orí omi Cái Răng ní Cần Thơ jìnnà, àárọ̀ kùtù ni wọ́n sì ń ná an. Ẹ sùn síbẹ̀ ni.

Màmá ti pín súwìtì náà tán ní Tàkíè. Ẹ ṣeun gan-an, mo ti rí ìdáhùn mi.