Èsì: Ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe agogo, kì í sì í ṣe "aago ọlọ́gbọ́n"

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, mo kí gbogbo ilé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Maryland fi ìlànà kan ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ wa yìí. Yorùbá pọ́nńbélé ni wọ́n fi ṣàlàyé bí èèyàn ṣe lè so irú bọ́tìnì ẹnu ọ̀nà tuntun tó ní kámẹ́rà, tó ń fi àwòrán àlejò ránṣẹ́ sórí fóònù, mọ́ agogo tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Mo kí wọn kú iṣẹ́. Àwa mélòó la lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ tí wọ́n fún àwọn nǹkan náà kò jẹ́ kí n sinmi. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pè é ní "aago ọlọ́gbọ́n". Èyí tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n pè é ní "agogo". Nígbà tó di ìpínrọ̀ kẹta, òun náà ti di "aago". Tiransifọ́mà, èyí tó ń dín iná kù kó tó dé ara agogo, wá di "ayírapadà". Mo ti bá ẹnì kan jìyà orúkọ wọ̀nyí, màá sọ ọ́ nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi aago bẹ̀rẹ̀. Agogo ni ìyá, aago ni ọmọ. Ìpajẹ, ìyẹn kí ìró sọnù, mú /g/ àkọ́kọ́ lọ; àrànmọ́, ìyẹn kí ìró kan sọ ìkejì dà bíi tirẹ̀, parí èyí tó kù. Kí ìlànà àkọtọ́ 1974 tó dé, /a/ kan ṣoṣo ni àwọn àgbà ń kọ, wọn á sì fi àmì fàágùn lé e lórí: ãgo. Kò sí ẹni tó ń bá wa jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ọmọ yìí ti kúrò nílé ìyá rẹ̀ tipẹ́. Aago mẹ́ta ọ̀sán. Aago ọwọ́. "Tẹ̀ mí láago tí o bá délé." Ẹni tó bá ka "aago ọlọ́gbọ́n" lónìí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni yóò wò, aago tó ń ka ìgbésẹ̀ ẹni ni yóò rò. Tí ẹ bá sì ní kó "tẹ aago", fóònù ni yóò mú. Ọ̀rọ̀ tó ti ń ru wákàtí, tó ń ru fóònù, ẹ tún fẹ́ gbé ilẹ̀kùn lé e lórí!

Agogo wá ńkọ́? Irin tí a ń lù ni. Akéde ọba ń lù ú kí ìlú tó gbọ́ àṣẹ. Ẹ ṣí ìdérí ohun tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan ohùn òkè, ọ̀kan ohùn ìsàlẹ̀. Ọ̀pá kékeré kan wà láàárín wọn tí wáyà ká yípo. Tí àlejò bá tẹ bọ́tìnì, iná á sọ wáyà yẹn di mágínẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá á fò lu irin kìíní. Tó bá gbọ́wọ́ kúrò, sípírìǹgì á dá ọ̀pá padà, á sì lu ìkejì. Díń, dọ̀ọ̀n. Agogo ẹlẹ́nu méjì ni ìyẹn, bí èyí tó ń bá ìlù rìn nílé wa. Ohun tó wà lára ògiri ló ni orúkọ náà, kò bá ẹnikẹ́ni pín in. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè ta ohùn díẹ̀ sí àlejò létí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ń lu irin nínú rẹ̀, ẹni tó wà ní yàrá kò sì lè gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin kan á ní àríyànjiyàn lásán ni mò ń ṣe. Iṣẹ́ iná ni mo kọ́ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn kí n tó rìnrìn àjò, iṣẹ́ náà ni mo ṣì ń ṣe ní Houston títí di òní. Ohun tí ọwọ́ mi tẹ̀ ni mò ń sọ.

Mama kan wà ládùúgbò wa, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n ń gbé. Ọkọ ọmọ náà ka ìlànà ẹ̀gbọ́n wa. Níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé "kí iná láti ara ayírapadà dé ara agogo", ẹ̀gbọ́n wa ní agogo inú ilé lọ́kàn. Agogo tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọkùnrin yìí rò. Ó tú wáyà kúrò lára agogo ògiri, ó lọ́ wọn mọ́ra wọn kí iná lè gba ẹnu ọ̀nà lọ tààrà. Kámẹ́rà tàn. Fóònù ń gbọ́. Inú rẹ̀ dùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, Mama nìkan ló wà nílé. Àbúrò wọn tó ti Dallas wá dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ogójì ìṣẹ́jú nínú oòrùn. Ọmọ Mama rí i lórí fóònù rẹ̀ níbi iṣẹ́ nígbà tó jáde ìpàdé. Mama kò lo irú fóònù bẹ́ẹ̀. Agogo ògiri nìkan ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú ilé yẹn, orúkọ tí kò yé èèyàn sì ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ọpẹ́ ni pé irú èyí tí wọ́n rà kò bàjẹ́. Irú mìíràn wà tó jẹ́ pé tí iná bá lọ bá a tààrà, tí agogo tàbí rẹsísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́) kò sí láàárín, ó parí nìyẹn.

Èmi ni wọ́n pè. Mo kọ́kọ́ pa bíréka, nítorí iná tó ń wọ tiransifọ́mà jẹ́ 120 volt bí èyí tó ń jáde tiẹ̀ kéré. Mo yẹ tiransifọ́mà ọ̀hún wò nínú àjà: volt 10 péré, ti ayé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn oníkámẹ́rà yìí ń fẹ́ 16 sí 24. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo dá wáyà padà sójú ìdè wọn nínú agogo: èyí tó ti tiransifọ́mà wá lọ sí ibi tí wọ́n kọ Trans sí, èyí tó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà iwájú lọ sí Front. Rear jẹ́ ti ẹ̀yìnkùlé, wọn kò ní bọ́tìnì níbẹ̀.

Ó ku àpótí kékeré tó bá bọ́tìnì oníkámẹ́rà wá nínú páálí, èyí tí ìlànà pè ní "olùrànlọ́wọ́ aago". Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Bọ́tìnì àtijọ́ ń dínà mọ́ iná títí di ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Oníkámẹ́rà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, tọ̀sán-tòru ló ń jẹun, inú agogo sì ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà kọjá. Tí a kò bá wá nǹkan ṣe sí i, agogo á máa kùn yunmuyunmu bí ẹ̀fọn, nígbà mìíràn á dún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ ẹ́. Àpótí yìí, tí a so mọ́ Front àti Trans, ló ń la ọ̀nà mìíràn fún iná kó má baà máa yọ agogo lẹ́nu. Olùrànlọ́wọ́ wo nìyẹn? Ẹ̀bùrú ni! Ìyá mi kì í gba ojú títì lọ sọ́jà nígbà tí ẹ̀bùrú bá wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀bùrú agogo.

Ọ̀rọ̀ "ayírapadà" kò gba àkókò púpọ̀. Yí, ara, padà. Ara ta ló ń yí? Ẹtu inú àlọ́ ọdẹ tó bọ́ awọ sílẹ̀ tó di arẹwà obìnrin, ìyẹn ló yíra padà. Tiransifọ́mà kò yí ara rẹ̀ padà sí nǹkan kan, iná ló ń yí. Mófíìmù (ègé ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀) kan ṣoṣo, /ara/, ló ba gbogbo ọ̀rọ̀ jẹ́. Tiransifọ́mà dáa, ọmọdé Nàìjíríà wo ni kò mọ̀ ọ́n? Tó bá jẹ́ pé dandan ni kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, mo fara mọ́ "adínákù", nítorí pé ó ń dín iná kù láti 120 sí 16. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí "kù" o. Ẹnì kan ti kọ ọ́ ní "adínákú" lánàá, ó ti pa iná onílé.

Ó wá ku ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wo ilé. Ní agboolé wa nísàlẹ̀ òkè Mápó, n kò rí i kí àlejò gbá ilẹ̀kùn rí. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Àgò onílé o!" Bàbá mi àgbà á dáhùn láti inú yàrá: "Àgò yà o! Ta nìyẹn?" Ẹni tó bá dáhùn pé "èmi ni" ti wọ gàù. "Ìyá ẹ ò sọ ẹ́ lórúkọ ni?" Wọn kò ní jẹ́ kó wọlé títí yóò fi dárúkọ ara rẹ̀ àti ilé baba rẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà ń ṣe fún wa lónìí nìyẹn: ó ń jẹ́ ká mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Nítorí náà, orúkọ tí mo ti dábàá fún yín tẹ́lẹ̀ náà ni mo dúró lé: akágò. Ké àgò, kágò, akágò. Akágò oníkámẹ́rà ní kíkún. Akágò wà lóde, agogo wà nínú, wáyà so wọ́n pọ̀, kò sì sí ẹni tó lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ẹ má sì gbàgbé ìkejì kágò, ìyẹn yàgò, tí à ń pariwo ní gbogbo ọjà tí ọlọ́mọlanke bá ń bọ̀.

Àbúrò wa ní Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ ní "akágo". Rárá o. Dò dò ni àgò. Ago tó jẹ́ re re ni ife, tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú Sáàmù. Àgọ́ ni ti àwọn ológun. Agọ̀ ni ti eégún. Ẹni tí kò bá lè fi àmì sí i, kó má kọ ọ́ rárá.

Ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ olùkọ́ àgbà sọ pé ẹnu èèyàn ló ń kágò, pé ẹ̀rọ kò lẹ́nu. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ìwé wọn pọ̀ ju tèmi lọ. Àmọ́ amúnáwá kò lọ́wọ́, ó ń mú iná wá. Agbóhùnsílẹ̀ kò létí. Fèrè ń ké, fóònù ń ké. Kí ló dé tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ /a-/ fi gba àwọn yìí, tí kò ní gba akágò? Wọ́n tún ní àgò ti di ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́. Nínú àwọn ilé òrìṣà ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n ṣì ń tọrọ agô kí wọ́n tó kọjá. Ní Cuba, agó. Ohùn ọ̀rọ̀ náà sọnù sórí òkun, ọ̀rọ̀ náà kò sọnù. Àwa tí a kò kúrò nílé pẹ́ tó wọn, àwa la fẹ́ sọ ọ́ nù?

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo ti ilẹ̀kùn Mama mọ́ra mi síta, mo tẹ akágò. Agogo dún, díń, dọ̀ọ̀n. N kò sọ nǹkan kan fún wọn ṣáájú. Mo kàn gbọ́ ohùn wọn láti yàrá ẹ̀yìn: "Àgò yà o! Ta nìyẹn?"

Mo dárúkọ mi, mo dárúkọ bàbá mi, mo wọlé.

Ó ku ti "okùn iná" tí ẹ̀gbọ́n wa láti Èkìtì fẹ́ fi rọ́pò wáyà. N kò gbà, wọ́n mọ̀ pé n kò gbà. Okùn la fi ń so ewúrẹ́. Ẹnu àwọn ọ̀gá mi ni mo ti gbọ́ wáyà, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fèsì, a ó máa fà á lọ.

Àbúrò Lọ́ńdọ̀nù, o ní volt 8 ni ti tiransifọ́mà agogo, pé mo parọ́; n kò parọ́. Tiransifọ́mà agogo tìyín ní Bìrìtìkó sábà máa ń jẹ́ 8, láti ara 230. Amẹ́ríkà ni èmi ń sọ. Yẹ ara páálí èyí tí o rà wò kí o tó so ó mọ́ ọn, nítorí 8 kò ní tó ọ̀pọ̀ wọn.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tó wà láàárín wa, ẹ kò tíì dá sí i. Kí ni àwọn àgbà yín ń sọ lẹ́nu ọ̀nà? Ṣé àgò náà ni, àbí ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí a kò gbọ́ rí?