Ṣé lóòótọ́ ni pé inú ìfun ni schizophrenia ti ń wá? Màámi fẹ́ já oògùn àbúrò mi

ÀǹtíLọlá
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 27, schizophrenia ni dókítà pè é, àrùn ọpọlọ tó ń jẹ́ kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń gbóhùn. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní haloperidol, kò gbọ́, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí olanzapine, ó kàn sanra lásán ni, ohùn ò lọ. Ìgbà tí wọ́n wá gbé e sórí clozapine la tó rí i tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń bá wa jókòó wo bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n oorun ẹ̀ ti pọ̀ jù, tó bá sì ti sùn itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹ̀ títí ìrọ̀rí á fi rin, ìyẹn ń dun màámi gan-an. Wàyí o, obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé àwọn ará Ṣáínà ti rí i pé kòkòrò inú ìfun ló ń fa wèrè, ó wá ta kápúsù probiotic (bakitéríà tí wọ́n ní ó dáa fún ìfun) fún màámi, ₦38,000 ike kan, pé tó bá ti lò ó fún oṣù kan kí wọ́n da oògùn dókítà nù. Màámi ti ra ike méjì! Àràárọ̀ ni wọ́n ń tú u sínú ẹ̀kọ gbígbóná fún un, kó má baà mọ̀. Èmi wà l'Ékòó, àwọn wà nílé, ẹjọ́ orí fóònù ti sú mi. Ṣé òótọ́ kankan wà níbẹ̀ ni àbí wọ́n kàn ń fi màámi jẹun?

Nọ́ọ̀sìAlábẹ́rẹ́
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n já clozapine yẹn o. Kò ṣe é já lójijì, ohùn yẹn lè padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kódà tó bá fi fo ọjọ́ méjì láì lò ó, ẹ gbọ́dọ̀ pe dókítà ni, torí láti ìwọ̀n kékeré ni wọ́n á tún ti bẹ̀rẹ̀.

Fídíò yẹn, òótọ́ díẹ̀ ni wọ́n bu mọ́ irọ́ ńlá. Lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ kan ní Ṣáínà mú bakitéríà láti inú ìgbẹ́ àwọn tó ní schizophrenia, wọ́n kó o sínú eku tí wọ́n sìn láì ní bakitéríà kankan nínú rárá, ìṣesí àwọn eku yẹn sì yí padà, àwọn kẹ́míkà kan nínú ọpọlọ wọn náà yí padà. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n eku ni, eku ò lè sọ fún yín pé òun ń gbóhùn.

Ti èèyàn ńkọ́? Wọ́n dán probiotic wò ní Baltimore l'Amẹ́ríkà, 2014 ni wọ́n gbé e jáde, èèyàn 65, ọ̀sẹ̀ 14, wọ́n fún àwọn kan ní ojúlówó, wọ́n fún àwọn kan ní òfìfo, oògùn kálukú sì ń lọ bó ṣe ń lọ. Àrùn yẹn ò yàtọ̀ lára àwọn méjèèjì. Ibi tó ti yàtọ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn tó lo ojúlówó ń rí ìgbẹ́ yà dáadáa ju àwọn yòókù lọ.

Bọ́dé_Peckham
Nọ́ọ̀sì ẹ ò sọ ọ́ tán. Àwọn ará Baltimore yẹn náà tún gbé òmíràn jáde lọ́dún 2018, èèyàn 66 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù nítorí mania (àìsàn ọpọlọ tí ara á máa yá èèyàn kọjá ààlà), láàárín ọ̀sẹ̀ 24 àwọn tó gba probiotic padà wọ ọsibítù nígbà mẹ́jọ, àwọn tó gba òfìfo nígbà 24. Ìyẹn kì í ṣe kékeré o.

Nọ́ọ̀sìAlábẹ́rẹ́
Mo mọ̀ ọ́n ẹ̀gbọ́n, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n mania ni, ti àbúrò Àǹtí Lọlá yàtọ̀. Àwọn yẹn náà ò sì já oògùn wọn, wọ́n fi kún un ni.

BàbáOníwèé
Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó bá ní ibì kan péré nínú ara ni wèrè ti ń wá. Dókítà kan wà l'Amẹ́ríkà, Henry Cotton, òun ló ń darí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ìjọba ní Trenton láti 1907 títí di 1930, ó gbà pé kòkòrò inú eyín àti kòkòrò inú ìfun ló ń ya èèyàn ní wèrè. Ó ń yọ eyín àwọn aláìsàn, nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìfun wọn. Òun fúnra ẹ̀ sọ pé bí ìdá 30 nínú 100 àwọn tó gé ìfun wọn ló kú. Kò sì sí ẹni tó dá a dúró!

Ẹni_tó_ń_lò_ó
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń lo clozapine láti ọdún mẹ́fà sọ̀rọ̀ torí ẹ ti fi aláìsàn sílẹ̀ ẹ ń bá eku lọ. Àǹtí, ohun méjì.

Àkọ́kọ́, ẹ sọ fún Màámi kí wọ́n yéé fi nǹkan pamọ́ sínú oúnjẹ ẹ̀. Nígbà tí ara mi ò dá, ohun tí àwọn ohùn yẹn ń sọ fún mi náà ni pé wọ́n ti fi májèlé sínú oúnjẹ mi. Ọjọ́ tí mo wá rí lúbúlúbú funfun lábẹ́ abọ́ ẹ̀kọ, àṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ! Mi ò jẹ oúnjẹ ìyá mi fún oṣù mẹ́ta, búrẹ́dì inú ọ̀rá ni mò ń jẹ, ìyẹn náà mo gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó máa tú u. Àti pé ẹ̀kọ gbígbóná lè pa bakitéríà yẹn jàre, bó ṣe ń pa ti inú ògì fúnra ẹ̀ tí wọ́n bá ti dà á sínú omi híhó. ₦76,000 ni wọ́n ń sè lárààárọ̀ yẹn.

Èkejì ló ṣe pàtàkì jù. Clozapine máa ń jẹ́ kí ìfun rọra rìn, nígbà míì á fẹ́ẹ̀ má rìn mọ́. Tí wọ́n bá tún fún un ní Artane (oògùn tí wọ́n ń fúnni tí oògùn ọpọlọ bá ń mú ara gbọ̀n tàbí le), ìyẹn náà ń mú ìgbẹ́ le. Ó ti pa èèyàn rí, ní January 2020 ìjọba Amẹ́ríkà tún fi ìkìlọ̀ tó le sí i sára oògùn yẹn. Èmi ò ṣe ìgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ nígbà kan, ikùn mi le bí ìlù, ojú ń tì mí láti sọ, dókítà náà ò bi mí, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà ṣáá láti wò ó bóyá clozapine ò ba ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́. Báyìí àmì X ni mo máa ń fa sára kàlẹ́ńdà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí mo bá ti ṣe é, tó bá di ọjọ́ kẹta láìsí X mo ń pe nọ́ọ̀sì mi. Ẹ bi àbúrò yín, ìgbà wo ló ṣe ìgbẹ́ kẹ́yìn?

ÀǹtíLọlá
Ẹ ṣé gan-an. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín pé irú ìbéèrè wo nìyẹn. Ó ní Tuesday tó kọjá. Òní pé ọjọ́ mẹ́fà, ó ní inú ń run òun díẹ̀, òun sì bì láàárọ̀, Màámi ní probiotic ló ń fọ inú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sìAlábẹ́rẹ́
Àǹtí, kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù NÍSINSÌNYÍ. Kí wọ́n mú páálí clozapine dání, kí wọ́n sọ ọjọ́ mẹ́fà yẹn àti èébì yẹn kí wọ́n tó sọ nǹkan míì.

ÀǹtíLọlá
Ọmọ alájọgbé wa ti gbé mọ́tò wá. Màámi ní àwọn ń mú ike yẹn náà lọ, mo ní kí wọ́n mú u, kí dókítà rí i.