Ọmọ mi ò gbé oògùn mì mọ́, ó ti sú mi

Ìyá Dúró: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbà mí. Alaalẹ́ ni ìjà nílé wa. Tó bá ti rí síríǹjì lọ́wọ́ mi báyìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá wọ̀. Bàbá ẹ̀ ní èmi ni mo kẹ́ ẹ bàjẹ́, òun náà ò sì ní sún mọ́ ibẹ̀, pé òun ò lè wo ẹkún. Ìyá ọkọ mi ní kí n di ọmọ nímú, á gbé e mì. Mo dì í nímú lánàá, gbogbo ẹ̀ ló tú sí mi láyà, aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ wò mí lọ́jọ́sí bí ẹni tí ò mọ ọmọ tọ́. Kí ni kí n ṣe?

Màmá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ ọdún mélòó ni? Oògùn kí sì ni?

Bàbá Tóbi: Ẹ má dì í nímú mọ́ láé! Oògùn lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e jókòó, ẹ ti ẹnu síríǹjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó gbé ti àkọ́kọ́ mì kí ẹ tó tẹ òmíì.

Adúnní: Ẹ pò ó mọ́ mílíìkì, kò ní mọ̀.

Màmá Ìbejì: Ife odindi? Tó bá mu ìlàjì ńkọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ iye tó wọlé? Ṣíbí kékeré kan ni, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bi àwọn apoògùn.

Adúnní: Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́ o. Mi ò bá yín jà.

Ìyá Dúró: Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Mi ò kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí mi ò fẹ́ káàánú ẹnikẹ́ni. Mercaptopurine, oògùn jẹjẹrẹ oníhóró, ló ń lò lálaalẹ́. Ẹ̀yìn ṣíbí ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ lórí tábìlì ìdáná. Ẹ má sì dá sọ́rọ̀ ọkọ mi.

Fadérera: Ẹ má lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Eruku irú oògùn yẹn ò dáa fún ẹlòmíì nínú ilé, aboyún pàápàá. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní olómi.

Bàbá Tóbi: Sítẹ́rọ́ìdì ni tiwa, ó korò bí ewúro. Mo máa ń fún ọmọbìnrin mi ní yìnyín lá kọ́kọ́, kí ahọ́n ẹ̀ lè kú díẹ̀. Mi ò bi í pé "ṣé wàá lò ó?" mọ́. "Ife pupa àbí ti búlúù?" ni mo ń bi í. Mo tún fún un ní síríǹjì olómi lásán kó fi ṣeré níbi ìwẹ̀. Ojú mi ló fọ́n ọn sí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ ọn lára o, kì í ṣe ọjọ́ kan.

Ìyá Dúró: Tèmi ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, oṣù mẹ́fà gbáko, láìjanpata. Ọ̀sẹ̀ yìí ló yí padà. Omi pàápàá, ọwọ́ ló fi ń bo ẹnu. Egbò funfun kan wà nínú ètè ẹ̀. Parasítámọ̀ nìkan ló gbé mì láàárọ̀, torí ara ẹ̀ gbóná, 38.6.

Fadérera: Ẹ fi ọ̀rọ̀ síríǹjì sílẹ̀. Ṣé ẹ ti pe àwọn dókítà yín?

Ìyá Dúró: Ó ti rọlẹ̀ lọ́sàn-án. Mo rò pé ó ti tán.

Fadérera: Parasítámọ̀ ló bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, tí ara ẹ̀ bá ti dé 38, pàjáwìrì ni, torí agbára tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ fi ń bá kòkòrò jà lè ti lọ sílẹ̀. Ìtọ́jú yẹn náà sì máa ń fa egbò ẹnu. Kì í ṣe agídí ló ń ṣe, ó ń dùn ún ni. Ẹ pè wọ́n báyìí, ẹ sọ iye tí ẹ wọ̀n àti aago tí ẹ fún un ní parasítámọ̀.

Màmá Ìbejì: Màmá Dúró, ẹ dìde.

Màmá Ìbejì: Ẹ dá wa lóhùn o.

Ìyá Dúró: Mo ti pè. Wọ́n ní ká máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ká dá ti alẹ́ yìí dúró títí wọ́n á fi yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò. Ó ń sùn lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá ẹ̀ ló ń wakọ̀, kò tíì sọ nǹkan kan látìgbà tá a ti jáde.